Owó Dátà Ló Ń Pèpàdé

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àkókò ni ẹni tó bá fẹ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta máa ń rà. Ó wọ káfè, ó sanwó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, ẹni tó jókòó sídìí káńtà sì fún un ní pélébé ìwé kan tí nọ́ńbà ìwọlé wà lára rẹ̀. Bó ṣe tẹ nọ́ńbà yẹn tán ni aago kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, tó ń ka ìṣẹ́jú tó kù fún un. Ojú ìwé kan lè pẹ́ títí kó tó ṣí. Owó oníbàárà ló ń jó. Bí wọ́n bá múná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò dá ìṣẹ́jú tó ṣòfò padà? Àwọn tó gbọ́n a ti kọ lẹ́tà wọn sínú ìwé láti ilé, kó lè jẹ́ pé títẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n bá débẹ̀.

Lónìí, ìyá tó ń ta àdìrẹ l'Ítọ̀kú, l'Ábẹ́òkúta, kì í ra wákàtí mọ́. Dátà ló ń rà, ó sì wà nínú gúrúùpù WhatsApp mẹ́ta mẹ́rin: ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ti ìjọ, ti mọ̀lẹ́bí, ti àwọn tí wọ́n jọ jáde nílé ìwé. Láti ìgbà káfè títí di ìgbà gúrúùpù yìí, ohun púpọ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní bí wọ́n ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, àwọn olóṣèlú náà kì í sì í fẹ́ kí ọpẹ́ ibẹ̀ fo àwọn dá. Lójú tèmi, ẹni tó bá tọpa owó ló máa lóye ìtàn náà jù. Nígbàkúùgbà tí ọ̀nà tí a ń gbà sanwó íntánẹ́ẹ̀tì bá yí padà ní Nàìjíríà, irú èèyàn tó ń wọlé, irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, àti irú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dá sílẹ̀ máa ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbà tí ìṣẹ́jú kan jẹ́ ₦50

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn inú rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. NITEL tó jẹ́ ti ìjọba ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ilé tó bá ní tẹlifóònù, ilé gbogbo àdúgbò ni: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá dúró de ìpè ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kìíní 2001, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, tí Ernest Ndukwe ń darí nígbà náà, ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìpè ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bíi ₦50, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ kọjá ìṣẹ́jú kan díẹ̀, owó ìṣẹ́jú méjì ló máa san. Àsìkò yẹn ni fíláàṣì gbilẹ̀: a pe fóònù ẹlòmíì, ó dún lẹ́ẹ̀kan, a gé e, kí ẹni tó lówó lórí fóònù lè pe padà. Globacom ti Mike Adenuga wọlé ní oṣù Kẹjọ 2003, wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá téèyàn bá lò ni yóò sanwó rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀ lé wọn.

Ìyẹn ni ti ìpè. Íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ṣì wà ní káfè, torí ojú sánmà ni ọ̀pọ̀ káfè ti ń fi àwo ńlá orí òrùlé fà á, owó tí wọ́n ń san lóṣooṣù kò sì kéré. Ẹni tó bá wọlé mọ ohun tó wá ṣe: àbájáde JAMB, fọ́ọ̀mù yunifásítì, lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà, lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun. Kò sáyè eré.

Àfi lóru. Owó òru dín gan-an sí ti ọ̀sán téèyàn bá fi wákàtí pín in, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníbàárà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wà níbẹ̀, ẹni tó ń fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fi lẹ́tà èké wá owó òyìnbó náà wà níbẹ̀. Lára Yahoo, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gba lẹ́tà nígbà náà, ni orúkọ yahoo-yahoo ti wá. Nígbà tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, dé ní 2003, káfè wà lára ibi tí wọ́n máa ń ya bo. Owó pọ́ọ́kú òru ló kó ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì jọ sábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹni tó rí wọn níta láàárọ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ní oṣù Kẹta 2005, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọ̀tà, Seun Osewa, ṣí ìkànnì ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Nairaland. Ẹni tó rí i nígbà náà tó sì tún rí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún máa mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: ọ̀rọ̀ ló kún ibẹ̀, ọ̀ṣọ́ ò sí. Àwọn kan ń bú u pé kò rẹwà. Wọn ò ro ti owó mọ́ ọn. Ojú ìwé tó fúyẹ́ ni ẹni tó ń ra ìṣẹ́jú lè kà. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dé orí fóònù, òun náà ni ẹni tó ń ra dátà tíńtín lè ṣí. Ìbéèrè tí kò sẹ́ni téèyàn lè bi nílé ló ń gbé lọ síbẹ̀. Irú ìdánwò wo ni báńkì máa ń ṣe fáwọn tó ń wáṣẹ́? Kí ni kí agùnbánirọ̀ dì sínú báàgì lọ sí àgọ́? Mọ́tò àlòkù wo ni kì í mu epo jù? Ẹni tí a kò mọ̀ rí ló máa dáhùn, pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwùjọ àjèjì ni. Torí pé Yorùbá, Ìgbò, Hausa, Ìjọ́ àti Tiv ló pàdé níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti píjìn ni wọ́n ń sọ, èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò sì jìnnà sí ẹnu wọn.

Okùn tó ti Portugal wá

Ohun tó mú owó wálẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun. Okùn SAT-3, tó so Yúróòpù pọ̀ mọ́ Gúúsù Áfíríkà tó sì gba etíkun wa kọjá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, àmọ́ ọwọ́ NITEL nìkan ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní Nàìjíríà. Ọjà tí ẹnì kan ṣoṣo ń tà, iye tó bá wù ú ni yóò pè é. Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújìí tó dàgbà n'Íbàdàn, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ n'Ífẹ̀ àti ní yunifásítì Columbia, ti ń ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà kó tó padà wálé tó rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ó dá iléeṣẹ́ MainOne sílẹ̀. Okùn tirẹ̀ gùn tó 7,000 kìlómítà láti Portugal dé Èkó, ó yà sí Accra lọ́nà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 240 dọ́là ló sì ná wọn. Oṣù Keje 2010 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Glo-1, okùn ti Globacom, náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, WACS tẹ̀ lé e ní 2012. Ní 2022, okùn Google gúnlẹ̀ ní Lomé lóṣù Kẹta, ó sì dé Èkó lóṣù Kẹrin. Equiano ni wọ́n pè é, wọ́n fi sọrí Olaudah Equiano, ẹrú tó ra òmìnira ara rẹ̀ tó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1789.

Bí àwọn tó ń tà á ṣe ń pọ̀ sí i ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gé íntánẹ́ẹ̀tì tà wẹ́wẹ́: ti ọjọ́ kan, ti ọ̀sẹ̀ kan, ti òru nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo fóònù onítẹ̀ẹ́ gba ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ 2go, tí àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ṣe, torí pé kì í jẹ dátà púpọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń du ipò láti Novice dé Master, bí ẹni ń du oyè ìlú. Àwọn tó rí já jẹ díẹ̀ ra BlackBerry, wọ́n ń san owó oṣù, wọ́n sì ń gba PIN lọ́wọ́ ara wọn lóde ìyàwó. Lẹ́yìn wọn ni Tecno àti itel kó fóònù Android tí apá mẹ̀kúnnù ká dé, tó sì kún Computer Village n'Íkẹjà fọ́fọ́. Ìgbà yẹn ni káfè bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣẹ́kù di ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ti ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù JAMB.

Ìgbà tí ohùn dé

Ohun tó yí àwùjọ wa padà jù kò lárinrin nígbà tó dé. Láti 2011 ni WhatsApp ti fàyè gba gúrúùpù. Ní oṣù Kẹjọ 2013, ó fi àmì gbohùngbohùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀: dì í mú, sọ̀rọ̀, jù ú sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti lọ. Títí di ìgbà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ mọ̀wé kọ. Kò sí àmì ohùn lórí bọ́tìnnì fóònù, torí náà àwọn tó mọ̀wé gan-an ò ráyè kọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sáré ń tẹ̀. Àgbà tí kò lọ sílé ìwé kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àmọ́ ohùn kì í jẹ dátà púpọ̀, kò sì béèrè ìwé mẹ́fà. Ìyá àgbà tí kò kọ orúkọ ara rẹ̀ rí di ẹni tó ń ki ọmọ rẹ̀ lóríkì láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Manchester láàárọ̀ ọjọ́ ìbí, tí ọmọ náà á sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wo gúrúùpù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà nínú rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni. Akọ̀wé ti kéde pé ìyá ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ papò dà. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn ó dára" bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìtìwìtì. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìdáwó kàn. Ẹni àkọ́kọ́ kọ nọ́ńbà kìíní, ó kọ orúkọ àti iye tó dá. Ẹni kejì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó fi tirẹ̀ sí i. Ẹni kẹta ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa dórí ìkọkànlá, ẹnì kan ní Houston tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ti ṣe ẹ̀dà èyí tó dúró lórí ìkẹjọ, orúkọ mẹ́ta pòórá. "Ẹ jọ̀ọ́ o, mo ti sanwó tèmi láti àná, ta ló yọ orúkọ mi?" Bàbá kan nílé fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí kò ju gbólóhùn kan lọ, torí pé ó ní láti kọ́kọ́ júbà, kó kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, kó kí àwọn ará Èkó, kó sì béèrè àwọn ọmọ. Ẹlòmíì gbé ìpolówó ilẹ̀ wọlé. Ádímìn ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ o, ọ̀rọ̀ ìlú nìkan la fi gúrúùpù yìí ṣe." Ẹni tó gbé ilẹ̀ wọlé ò fèsì. Pẹ̀lú gbogbo rúkèrúdò yìí, owó ìsìnkú pé.

Àwùjọ yìí kò jọ ti ìgbà káfè. Níbí, orúkọ àbísọ ni gbogbo èèyàn ń jẹ́, wọ́n mọ ilé bàbá ara wọn, ẹni tó bá sì sọ ìsọkúsọ, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọdé ò ní pe àgbà lórúkọ níbẹ̀ bí kò ṣe ní í pè é lórúkọ lójúde. Ètò ẹgbẹ́ tó ti wà látayébáyé, alága, akọ̀wé, akápò, owó ìtanràn, ló kàn kó lọ sórí fóònù. Ohun tó fi kún un ni pé ọmọ tó wà lẹ́yìn odi kì í dúró de ìpàdé ọdún mọ́ kó tó dá sí ọ̀rọ̀.

Òwò náà tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Aládìrẹ Ìtọ̀kú ya àwòrán aṣọ márùn-ún, ó gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì, ó fi ohùn sọ ọ́ pé àwọ̀ eléyìí kì í ṣí. Oníbàárà l'Ákùúrẹ́ mú méjì, ó fi owó ránṣẹ́ sí báńkì, aṣọ sì gba gáréèjì lọ bíi wébíìlì. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n háyà, kò sì sí onígbọ̀wọ́ láàárín wọn. Orúkọ rere tí aládìrẹ ní nínú gúrúùpù ló dúró fún un.

Kíkọ Yorùbá náà kò sì kú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi odindi ọjọ́ kan tẹ Yorùbá lórí Twitter, kí iléeṣẹ́ náà lè mọ̀ pé èdè wa wà. Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tó ń túmọ̀ ní oṣù Kejìlá 2013, BBC Yorùbá sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 2018. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí okùn Opeke ti gúnlẹ̀. Ní ìgbà tí ìṣẹ́jú ṣì wọ́n, ta ló máa fi tirẹ̀ wá àmì ohùn kiri?

Iyọ̀ òru ọjọ́ kan

Àwùjọ ojúlùmọ̀ ní ewu tirẹ̀. A máa ń yẹ ọ̀rọ̀ àjèjì wò, a kì í yẹ ti ẹ̀gbọ́n wa wò. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje 2014, Patrick Sawyer, ará Làìbéríà kan, gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e, lóru ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà: kí gbogbo èèyàn po iyọ̀ mọ́mi, kí wọ́n mu ún, kí wọ́n sì fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ń pe ọmọ, ọmọ ń pe ọ̀gá, àwọn tó ti sùn ń jí dá iná omi. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé àmujù iyọ̀ pa èèyàn méjì ní Jos, àwọn míì sì dèrò ọsibítù. Kò sí ọ̀tá kankan lára àwọn tó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ síra wọn. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ìyẹn ló sì jẹ́ kó yára tó bẹ́ẹ̀.

Ìyára yẹn kan náà ló gbé ẹjọ́ àwọn ọmọbìnrin Chibok tí Boko Haram jí gbé dé etí ayé ní 2014, tó sì kó àwọn ọ̀dọ́ jáde nínú ìwọ́de EndSARS tako ìwà ìkà ọlọ́pàá ní oṣù Kẹwàá 2020, tí wọ́n ń fi fóònù kó owó oúnjẹ, owó agbẹjọ́rò àti owó ọsibítù jọ láìní olórí kan. Ìjọba rí i. Ní oṣù Kẹfà 2021, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari kan kúrò, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà títí di oṣù Kìíní 2022. Àwọn ọ̀dọ́ gba VPN, ètò tó ń bá èèyàn yí ìtìpa sílẹ̀, wọlé. Ìyá aládìrẹ kò mọ VPN. Oníbàárà tó ti ń rí lórí Twitter ló lọ. Ní oṣù Keje 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá ìjọba lẹ́bi pé ìtìpa náà kò bófin mu, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í dá oníbàárà padà.

Ta ni kò sí nípàdé?

Ètò tí ìjọba ṣe fún 2020 sí 2025 ni pé kí íntánẹ́ẹ̀tì ayára kárí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí 2024 parí, ìṣirò NCC fúnra rẹ̀ kò tí ì dé 45. Okùn ńlá ńlá sì wà létíkun! Ó tilẹ̀ hàn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta 2024, nígbà tí mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, tí báńkì wa fi dákẹ́: àwọn tó wà lórí okùn mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Láti etíkun wọ inú ìlú gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó bá máa ri okùn mọ́lẹ̀ láti Èkó dé Òkè-Ògùn gbọ́dọ̀ sanwó ọ̀nà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 2013 ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ ti fẹnu kò sí ₦145 fún mítà kan, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ gómìnà fi ń gbà á ní ìlọ́po ìlọ́po. Èkìtì wà lára àwọn tó padà sí ₦145 ní 2020. Lẹ́yìn ìyẹn, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń mu dísù tọ̀sán tòru torí pé iná ọba ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, àwọn olè ń jí bátìrì, katakata àwọn tó ń ṣe ọ̀nà sì ń gé okùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú owó dátà. Abúlé tí èèyàn inú rẹ̀ ò pọ̀, kò sí iléeṣẹ́ tó máa fẹ́ gbé òpó síbẹ̀, torí kò ní pa owó dísù.

Ní oṣù Kìíní 2025, NCC gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láàyè láti fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Wọ́n ní ẹjọ́ rere tí wọ́n lè rò: náírà ti já wálẹ̀, dísù ti gbówó lérí, wọn ò sì tíì gba irú àfikún bẹ́ẹ̀ láti 2013. Àmọ́ bí owó ṣe ń pe èèyàn wọlé náà ló ń lé èèyàn jáde. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á san án, wọ́n á kùn. Ẹni tó kọ́kọ́ máa jáde ni ìyá àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ pé ọmọ ló ń ra dátà fún un, àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bó ṣe máa mọ iye tí gbàgùúdá jẹ́ n'Íbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi fóònù wo ẹ̀kọ́. Àwọn tí ohùn mú wọlé ni.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún 2024 pé òun á fi 90,000 kìlómítà okùn kún èyí tó wà nílẹ̀. Ètò ńlá ni, ó sì yẹ ká gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Okùn lè gba ẹnu ọ̀nà abúlé kọjá kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ má lè san owó rẹ̀. Tí gómìnà bá ń bọ̀ wá béèrè ìbò, ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni èló ló ń gbà fún mítà kan, kí sì ni yóò ṣe kí iye náà lè wálẹ̀. Ó rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ wò, torí náà irọ́ kò ṣe é pa lé e lórí. Ẹni tó ń dá iye yẹn ló ń dá àwọn tó máa wà nípàdé, bí kò tilẹ̀ tẹ lẹ́tà ìpè kan ṣoṣo jáde.